Ooru Ò Mọ Akíkanjú

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2022, ní ìlú Limbe létí òkun Kamẹrúùnù, Janny Sikazwe, rẹfirí ọmọ Zambia, fọn fèrè ìparí nígbà tí ìdíje Mali àti Tunisia ṣì wà ní ìṣẹ́jú 85. Wọ́n pariwo, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Kí ìṣẹ́jú 90 tó pé, ó tún fọn ọ́n. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti di ẹni ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ooru ló mú un, pé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, ẹ̀rín tó yẹ kó rọlẹ̀ tún wá le sí i. Ooru kẹ̀? Ọmọ Zambia? Dúdú bíi tiwa?

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ti gbàgbé pé ọkùnrin yìí kan náà ló ṣe rẹfirí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Libreville, olú ìlú Gabon, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2017, lọ́jọ́ tí Kamẹrúùnù na Íjíbítì ní 2-1 ní pápá Amitié ní Angondjé. Ó sáré títí ìdíje fi parí, ohunkóhun ò ṣe é. Etíkun kan náà ni Limbe àti Libreville wà, afẹ́fẹ́ olómi kan náà ni wọ́n ń mí. Ṣùgbọ́n ní Libreville, aago mẹ́jọ alẹ́ ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ní Limbe, aago méjì ọ̀sán ni. Ọkùnrin kan náà, awọ kan náà; wákàtí ló yàtọ̀. Ohun tí mo wá jà fún nínú àròkọ yìí kò ju ìyẹn lọ. Bí ooru bá mú agbára kúrò lára ènìyàn, ká wo wákàtí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, òrùlé tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ àti omi tó rí mu, ká tó dá ìwà rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbà ní Libreville yàtọ̀ sí èyí. Àwa Yorùbá ìlú yìí, yálà Ìbàdàn la ti wá tàbí Kétu, Ìsẹ́yìn tàbí Pọ́bẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Àjàṣẹ́, ìdí òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ la pọ̀ sí. Inú ọjà Mont-Bouët ni wàá ti rí wa, ní ìdí ọkọ̀ ní Oloumi, ní ìsọ̀ aránṣọ ní Nkembo. Ẹni tó bá sọ níbẹ̀ lóṣù Kẹta pé ooru ti fẹ́ gba ẹ̀mí òun, èsì mẹ́ta ló máa gbọ́. Àkọ́kọ́: “Ìwọ tí wọ́n bí sínú oòrùn!” Èkejì: “Ìwọ̀n 31 péré ni fóònù kọ. Àwọn ará Sókótó wá ńkọ́?” Ẹ̀kẹta, ẹnu àwọn ọ̀gá ló sábà máa ń ti jáde: “Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́.” Bó bá tún ṣẹnu sọ pé oṣù Keje tẹ́ òun lọ́rùn ju oṣù Kẹta lọ, wọ́n á ní ó ti di òyìnbó, pé ohun tí Ọlọ́run bá rán wá ni dúdú ń gbà, dúdú kì í yan ìgbà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ló ń mú wọn sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ara ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn kan náà kí wọ́n tó ní ìsọ̀ tiwọn, ohun tí wọ́n là kọjá ni wọ́n sì ń fi wọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tọ̀nà, aburú tí wọ́n sì ń ṣe wà lójú.

Ká mú ọ̀rọ̀ ìgbà ṣíwájú, torí ẹni tó bá ní ìgbà kan ò yàtọ̀ sí òmíràn ní Libreville kò tíì gbójú sókè wo ọ̀run. Òótọ́ ni pé ìlú náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 43 lọ sí ìlà agbedeméjì ayé, tí ọ̀sán àti òru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà láti ọdún dé ọdún. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ lápá ìparí oṣù Kẹsàn-án, a máa rọ̀ wọ oṣù Kejìlá. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré á dá sí i láàárín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òjò á tún padà láti nǹkan bí oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn ńlá, tí àwọn ará ìlú ń pè ní grande saison sèche, á gba ilẹ̀ láti oṣù Kẹfà wọ oṣù Kẹsàn-án. Òjò ọdún kan níbẹ̀ ń sún mọ́ mílímítà 3,000, síbẹ̀ ti oṣù Keje lódindi lè máà tó 20.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ooru á mú jù. Nílé, bẹ́ẹ̀ ló rí: oṣù Kejì àti oṣù Kẹta á gbóná títí òjò àkọ́rọ̀ á fi wá tu ilẹ̀ lára. Ní Libreville, òdìkejì ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá ni ìgbà ìtura. Ìkùukùu á bo ojú ọ̀run láàárọ̀ bíi pé òjò ti dé, kò sì ní rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ọ̀sán kì í ju ìwọ̀n 27 tàbí 28 lọ, òru á lọ sílẹ̀ sí bíi 22, àwọn àgbàlagbà á wọ súwẹ́tà. Òkun ló fà á. Lákòókò yẹn, omi tútù láti apá gúúsù, lọ́nà Angola, á gòkè wá. Omi mìíràn á sì ti ìsàlẹ̀ òkun yọ lápá Cape Lopez. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù yẹn kọjá ló ń di ìkùukùu tó ń dí oòrùn lójú. Ìgbà òjò ni ooru ń bọ́ sí. Lápá ìparí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní ọ̀gangan àtàrí ènìyàn. Nígbà tó bá di oṣù Kẹta, òkun ti gbóná, òjò á rọ̀ fún wákàtí kan, oòrùn á yọ, ilẹ̀ tó ti mu omi yó á wá máa dá a padà fún wa nínú afẹ́fẹ́.

Ẹnìkan lè ní ìyàtọ̀ ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin kéré jù láti máa yan ìgbà sí. Kó lọ bi igbó Gabon léèrè. Ní Lopé, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, Caroline Tutin àti Michel Fernandez, àwọn onímọ̀ tó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, kọ ọ́ ní 1993 pé àwọn igi kan wà tí kì í yọ òdòdó àfi bí òru ẹ̀ẹ̀rùn ńlá bá tutù dé abẹ́ ìwọ̀n 19. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ń ka òdòdó àti èso àwọn igi náà lóṣooṣù. Ní 2020, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé láàárín 1986 sí 2018, èso tó ń so nínú igbó yẹn ti fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín, àti pé láti 2008, ara àwọn erin ibẹ̀ ti rù ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru tó ń pọ̀ sí i àti òjò tó ń dín kù ni wọ́n ń fura sí. Igi tí kò lẹ́nu ń yan ìgbà, erin ń fi ara san gbèsè rẹ̀. Ènìyàn nìkan la ní kó má yan.

Èsì kejì, ìyẹn “ìwọ̀n 31 péré,” dà bí ọgbọ́n, àmọ́ kò mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú ara wa wà ní bíi ìwọ̀n 37, ó sì gbọ́dọ̀ dúró nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù, tó ń jó irin, tàbí tó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ooru ni ọ̀pọ̀ jù nínú agbára tí iṣan rẹ̀ ń lò ń dà, ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó awọ ara, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òógùn. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kì í sì í tu ara. Èyí tó bá gbẹ lójú awọ ló ń gbé ooru lọ. Ní Sókótó, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn kì í pẹ́ lára kó tó lọ. Ní Libreville, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń wà lókè ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Òógùn á wá dà bí aṣọ tí a sá sínú yàrá lọ́jọ́ òjò: omi ń bẹ lára rẹ̀, kò ríbi gbà. Ìdí nìyí tí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ní Sókótó lábẹ́ ìwọ̀n 37, tó sì ní omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, fi lè sàn ju ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Mont-Bouët lábẹ́ 32 lọ.

Àwọn onímọ̀ ti fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń fi aṣọ tútù wé ìdí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kó lè wọn ooru àti ọ̀rinrin pọ̀. Ní 2010, Steven Sherwood àti Matthew Huber kọ ọ́ pé bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé 35, kò sí ènìyàn kan, bó ti wù kó le tó, tó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan láìkú, ì báà jókòó sínú òjìji kí fáànù sì máa fẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n dán ara àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọ́n le wò ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2022 fi hàn pé ní nǹkan bíi 31 ni ara tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Libreville kì í sábà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ooru tó pa ènìyàn, ó ti kọ́kọ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìlókun, ó ti mú kí orí fọ́ ọ, ó ti mú kó ṣi aṣọ gé tàbí kó ṣi owó kà. Ohun tí ọ̀gá ń pè ní ọ̀lẹ nìyẹn: ọkàn tó ń sáré lu kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ojú awọ, kí ooru lè jáde.

Ẹ má sì gbàgbé òru. Fóònù tó kọ ìwọ̀n 31 lọ́sàn-án kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru nínú yàrá tí wọ́n fi páànù bò láìní àjà, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti mu oòrùn látàárọ̀, tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn àti olè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, fáànù dákẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ fi mọ́ ti jẹ gbèsè oorun kó tó dé ìsọ̀. Ọ̀gá tó ń sùn lábẹ́ klim (ẹ̀rọ amúlétutù) á rí i ní aago mẹ́wàá tó ń tòògbé, á sì fi ẹnu sí i lára. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí jù nìyí: àwa tí a rí ìtura ra la máa ń sọ pé kò sí ooru.

Èsì “wọ́n bí ọ sínú oòrùn” ló wá kù. Òtítọ́ kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́. Ara lè kọ́ ooru. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn rẹ̀ á tètè máa jáde, iyọ̀ inú òógùn náà á dín kù, ọkàn rẹ̀ ò ní máa sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ́ ni, a kì í jogún rẹ̀ mọ́ awọ. Funfun ń kọ́ ọ, dúdú ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì kúrò nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìkọ́ náà á bọ́. Ẹ wá fi èyí wo Libreville. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìkùukùu àti ìtura, ara tó wọ oṣù Kẹwàá ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀ lóṣù Kẹrin. Ẹni tó ń sọ nígbà náà pé ooru ọdún yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò purọ́. Ara rẹ̀ ló ń padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí tí kò ní ojúsàájú, ẹ lọ sí ìwakùsà wúrà ní South Africa. Àwọn tó ni ibẹ̀ ìgbà náà kò fẹ́ràn dúdú, èrè ni wọ́n ń lé, ì bá sì wù wọ́n kó jẹ́ òótọ́ pé ooru kì í mú ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1920, bí ihò náà ṣe ń jìn sí i tó sì ń gbóná, àwọn òṣìṣẹ́ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, wọ́n ń kú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹni tuntun wò nìyẹn, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó fi ọjọ́ bíi mélòó kan kọ́ ooru kí wọ́n tó rán an sísàlẹ̀. Ikú ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tí àwa ń kọ̀ láti kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti ìgbà tiwa náà ń bẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Kayes ní Mali gbóná dé 48.5; láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako nìkan ka òkú 102, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣé òyìnbó ni àwọn ará Bamako? Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ooru Mẹ́kà dé 51.8, ìjọba Saudi sì sọ pé arìnrìn-àjò Hájì 1,301 ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Íjíbítì àti ibòmíràn, ni wọ́n bí sí ilẹ̀ tó gbóná. Ìbí wọn kò gbà wọ́n.

Ó yẹ ká wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ pé dúdú kì í mọ ooru ti wá, torí àwọn baba ńlá wa kọ́ ló sọ ọ́. Ní 1748, Montesquieu, onímọ̀ ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa òfin pé ooru ló ń sọ àwọn ènìyàn ilẹ̀ gbígbóná di ọ̀lẹ àti ojo, ó sì so oko ẹrú mọ́ ọn. Àwọn olóko Amẹ́ríkà wá yí i po ní tiwọn: wọ́n ní ara dúdú la dá fún oòrùn, òun ló sì yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nínú oko òwú àti ìrèké nígbà tí funfun bá jókòó sábẹ́ òjìji. Ọ̀kan ní ooru sọ wá di ọ̀lẹ, èkejì ní ooru kì í mú wa rárá, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lọ: bí wọn ò bá fẹ́ sanwó iṣẹ́ wa, wọ́n á pè wá lọ́lẹ, bí wọ́n bá fẹ́ kí á ṣe é láìsinmi, wọ́n á ní kò dùn wá. Ìlú tí a ń sọ yìí gan-an, orúkọ òmìnira ló ń jẹ́. Ní 1849, àwọn ènìyàn 52 tí ọkọ̀ ogun Faransé ti gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú Elizia ní 1846 ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó létí omi Komo. Ìtìjú ló yẹ kó jẹ́ fún wa pé nínú ìlú yẹn, a gba pàṣán lọ́wọ́ olóko ẹrú, a sì ń fi í na ọmọṣẹ́ wa.

Bí àwọn tiwa ti ń ṣe yàtọ̀. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kì í dúró de oòrùn kó tó jáde nílé. Ìdájí ló ń gba ọ̀nà oko, bí oòrùn bá kan àtàrí á wọ abẹ́ ahéré tàbí abẹ́ igi, á jẹun, á na ẹ̀yìn, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é lọ́lẹ, oko rẹ̀ ló fi ń dáhùn. Àwọn ìyá wa kìlọ̀ fún aboyún pé kó má rìn ní ọ̀sán gangan. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àbíkú àti ẹ̀mí àìrí sọ ọ́, ẹnikẹ́ni sì lè gba ìyẹn tàbí kó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aboyún tó bá gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu ti kúrò nínú oòrùn ní wákàtí tó burú jù. Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí láàárín wa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wà nínú ìlànà Ànábì pé bí ooru bá le, kí a sún ìrun Àìlà síwájú títí ara ilẹ̀ á fi rọ̀. Bí ẹ̀sìn bá lè sún ìrun síwájú nítorí ooru, kí ló dé tí gbígbé ṣìmẹ́ǹtì ò fi lè sún?

Ọ̀rọ̀ yíyan ìgbà náà ń béèrè ọ̀wọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn ará Libreville, ẹ ó gbọ́ pé ìgbà tí kálukú fẹ́ràn ń sọ irú ayé tó ń gbé. Aránṣọ fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀rùn ńlá, torí ìgbà náà ni ìgbéyàwó àti ayẹyẹ ìbọ́ṣọ ọ̀fọ̀ pọ̀, tí ilé ìwé wà nínú ìsinmi, tí ayẹyẹ òmìnira ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ sì ń mú kí àwọn ènìyàn dá aṣọ. Obìnrin àgbẹ̀ Gabon fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìgbà náà ni igbó tó ṣán ń gbẹ tó ń jóná, kí òjò àkọ́kọ́ tó bá a. Ẹni tó ń ta omi tútù àti yìnyín ní ibùdókọ̀, oṣù Kẹta ló ń rí èrè. Bàbá tí làkúrègbé ń bá jà kì í fẹ́ òwúrọ̀ oṣù Keje rárá. Ẹni tó ń gbé ní àfonífojì tí àgbàrá ń wọ̀ ń bẹ̀rù oṣù Kọkànlá. Ẹni tó ń fi kẹ́ẹ̀gì wá omi ń retí òjò. Ẹni tí kò fẹ́ kí iná lọ náà ń retí rẹ̀, torí nígbà tí odò Mbei bá fà lẹ́ẹ̀rùn, omi inú ìsédò Kinguélé àti Tchimbélé tó ń fún Libreville níná ń lọ sílẹ̀. Èmi, ẹ̀ẹ̀rùn ńlá ni tèmi, nítorí mo máa ń sùn dáadáa. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ti di òyìnbó. Ẹni tó bá ní dúdú kì í yan ìgbà kò tíì bá oníyìnyín àti aránṣọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó takò mí ní ìbéèrè kan tó gba ìrònú: “Ta ló máa bọ́ ọmọ mi bí mo bá sinmi lọ́sàn-án?” Òótọ́ ni pé ẹni tí owó òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò lè ti ìsọ̀ pa nítorí pé ọ̀run pọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ń gbè mí ni. Ooru tó ń mú wa ń jẹ owó wa pẹ̀lú. Àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣírò rẹ̀ ní 2019 pé ní 2030, ooru lè máa jẹ ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wákàtí iṣẹ́ ayé, ìyẹn bí iṣẹ́ àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 80, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà lára àwọn ibi tó máa gbà á jù. Aṣọ tí wọ́n ṣi gé ní aago méjì ọ̀sán, owó ọ̀gá ló lọ. Wákàtí mẹ́ta tí a yọ kúrò lọ́sàn-án, tí a fi sí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, kì í dín iṣẹ́ kù.

Àwọn olówó ayé ti mọ èyí, wọn ò sì tijú rẹ̀. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2022 bọ́ sí Qatar, FIFA gbé e kúrò ní oṣù Kẹfà àti Keje, wọ́n gbé e lọ sí oṣù Kọkànlá àti Kejìlá, àwọn líìgì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá yẹn lọ́lẹ. Lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti pariwo fún ọdún pípẹ́ nípa àwọn tó kọ́ àwọn pápá ìdíje náà, Qatar ṣòfin ní 2021 pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ìtura tí agbábọ́ọ̀lù rí gbà láìjà, alágbàṣe ní láti fi ẹ̀mí rà á.

Àwa ò nílò láti dúró de òfin. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wa ní Libreville, tó lágbára láti bu owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, lágbára láti fẹnu kò lórí nǹkan díẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá wọ oṣù Karùn-ún, kí iṣẹ́ tó wúwo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kó sì dáwọ́ dúró láti aago méjìlá sí mẹ́ta. Kí omi mímu wà ní ìsọ̀ láìjẹ́ pé ọmọṣẹ́ tọrọ rẹ̀. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́ ooru kí wọ́n tó di ẹrù lé e. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan nínú ooru, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, kí wọ́n gbé e sínú òjìji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n má dúró ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí òde àríyá wa náà gbọ́: ìnáwó oṣù Kẹta tí a pe ènìyàn sí ní aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ òkè, agbádá àti gèlè, nínú gbọ̀ngàn páànù, lè bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún kó sì lárinrin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó bá ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni ọmọṣẹ́ òun, ọ̀nà kan wà tó lè gbà mọ̀ ọ́n. Kó fún un ní òjìji, kó fún un lómi, kó jẹ́ kó rí oorun òru sùn, kó wá wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀. Bí ọmọ náà bá ṣì ká ọwọ́ lẹ́rán nígbà yẹn, kí ọ̀gá pè é lọ́lẹ, mi ò ní bá a jiyàn. Kó tó ṣe ìyẹn, ẹjọ́ tó dá kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.